Ṣé o mọ̀? Igi mẹ́ta, àgbélébùú mẹ́ta

Ní ọdún 1643, Rembrandt, gbajúgbajà ayàwòrán ilẹ̀ Netherlands, fín àwòrán Igi Mẹ́ta sára bàbà pẹlẹbẹ, ó sì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé àgbélébùú mẹ́ta Gọ́lgọ́tà, níbi tí Jésù kú sí, ni igi mẹ́ta tó dúró lórí òkè náà. Àwọn mìíràn ní Mẹ́talọ́kan ni. Nínú àwòrán náà, òjò ń já ṣòòrò wálẹ̀ lápá òsì. Àmọ́ wo inú igbó ṣíṣú nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún dáadáa: olólùfẹ́ méjì ló fara pamọ́ síbẹ̀! Ọkùnrin kan tún ń pẹja létí omi. Lójú tèmi, ìtumọ̀ ti àgbélébùú lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nítorí ní 1653, Rembrandt kan náà fín Àgbélébùú Mẹ́ta, ikú Jésù gan-an.