Àlàfo Etí Aago Ni Kí Ẹ Wọ̀n, Kì í Ṣe Ojú Rẹ̀

Bí okùn aago ọwọ́ bá já, ojú aago ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń wò kí wọ́n tó ra òmíràn. Aago ńlá, okùn fífẹ̀. Aago kékeré, okùn tẹ́ẹ́rẹ́. Ìṣirò yìí máa ń ṣi ni lọ́nà. Omega Speedmaster Professional fẹ̀ tó mìlímítà 42, okùn 20 ló sì ń lò. Seiko SKX007 fi nǹkan bí ìdajì mìlímítà péré fẹ̀ jù ú lọ, síbẹ̀ okùn 22 ni tirẹ̀. Ti Apple Watch tilẹ̀ tún lójú ju ìyẹn lọ: oríṣi 42 tí wọ́n kọ́kọ́ tà ní 2015, okùn ńlá ló ń lò, oríṣi 42 ti Series 10 tó jáde ní 2024, okùn kékeré tí oríṣi 38 ń lò nígbà náà ló bá a mu. Nọ́ńbà kan náà ló wà lára aago méjèèjì, okùn wọn kò sì jọra.

Ibi tí nọ́ńbà tí a ń wá wà ni àlàfo tó wà láàárín etí aago, ìyẹn irin méjì tó yọ síta lókè àti méjì tó yọ nísàlẹ̀, tí okùn ń wọ àárín wọn. Ẹ dojú aago dé, kí ẹ fi rúlà wọn àlàfo náà láti inú etí kan dé inú èkejì. Ojú mìlímítà ni kí ẹ lò, nítorí ojú íǹṣì kò lè fi ìyàtọ̀ 19 àti 20 hàn dáadáa. Òótọ́ ni pé 18, 20 àti 22 ló wọ́pọ̀ jù, ṣùgbọ́n 19 àti 21 náà wà, àwọn ló sì máa ń kó ẹni tó fojú díwọ̀n sí wàhálà. Ẹ má gbára lé okùn àtijọ́. Awọ tí òógùn ti mu lè ti fẹ̀ tàbí kó ti jẹ létí, ọ̀pọ̀ okùn sì ń tẹ́ẹ́rẹ́ bó ṣe ń lọ: 20 níbi aago, 18 tàbí 16 níbi irin ìdè.

Ìdí tí mìlímítà kan fi ṣe pàtàkì ni píìnì tó gbé okùn dúró. Ọ̀pá kékeré tó ní ihò nínú ni, sípíríǹgì wà nínú rẹ̀, ṣóńṣó kan sì wà ní orí kọ̀ọ̀kan. Bí a bá tẹ ṣóńṣó náà, á wọlé. Bí a bá fi í sílẹ̀, á yọ jáde wọnú ihò tí wọ́n lu sínú etí aago. Ṣóńṣó mẹ́rin péré ló so aago mọ́ ọwọ́. Ẹ fi píìnì 18 sínú àlàfo 20, díẹ̀ báyìí ni ṣóńṣó rẹ̀ máa fi kan ihò. Bí apá bá fi kọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀, aago ti bọ́ nìyẹn.

Ẹnìkan lè ní okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ṣáà ń wọlé, kí ló wá burú níbẹ̀? Nínú fíìmù Goldfinger ti 1964, okùn tó wà lára Rolex tí Sean Connery dè mọ́wọ́ kéré sí àlàfo tó bẹ́ẹ̀ tí píìnì fi hàn síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Mo gbà pé ó ṣeé wọ̀, bí píìnì bá gùn tó àlàfo. Okùn á kàn máa rá sọ́tùn-ún sósì, á sì máa ha etí aago. Ṣùgbọ́n nítorí pé píìnì gbọ́dọ̀ gùn tó àlàfo, ẹ má lo èyí tó wá pẹ̀lú okùn tẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn mìíràn ní kí a ra èyí tó fẹ̀, kí a gé e. Awọ rírọ̀ tàbí náílọ́ọ̀nù 20 lè fún ara rẹ̀ wọnú 19 láìjẹ́ pé a gé e. Ṣùgbọ́n bí ọ̀bẹ bá ti kan etí awọ, ìránṣọ rẹ̀ á tú, òógùn á wọ inú rẹ̀, á sì jẹrà. Rọ́bà líle kì í fún ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣéènì onírin kò tilẹ̀ gbà á rárá.

Ó ku gígùn. Apá tó ní ihò sábà máa ń tó mìlímítà 115 sí 120, apá tó ní irin ìdè sì máa ń tó nǹkan bíi 75. Ẹni tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ bá tóbi, kí ó béèrè èyí tó gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá ti fi okùn náà sí i tán, kí ẹ tó so aago mọ́wọ́, ẹ fa apá méjèèjì dáadáa lórí àga tàbí bẹ́ẹ̀dì, níbi tí aago kò ti ní fọ́ bí píìnì bá yọ.