Ẹ̀kọ́ ní Ẹnu Ibodè: Akaba Ìdènà ní Kétu

Kì í ṣe inú kíláàsì nìkan ni ọmọ ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Ní Kétu, ibì kan wà tí ọmọ ilé-ìwé ti lè kọ́ ìtàn ìlú àti orúkọ igi lọ́jọ́ kan náà. Ibẹ̀ ni Akaba Ìdènà, ibodè àtijọ́ ìlú, pẹ̀lú yàrà rẹ̀. A fẹ́ ṣàlàyé bí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀.

Etí yàrà la ti ń bẹ̀rẹ̀. A máa ń bi wọ́n pé: "Níbo ni erùpẹ̀ inú kòtò yìí lọ?" Wọn a wò yíká, wọn a ronú. Lẹ́yìn náà la óò sọ fún wọn pé erùpẹ̀ ọ̀hún ni àwọn baba wa pò, tí wọ́n fi mọ odi. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló bí ààbò méjì. Àwọn àgbà sọ pé ayé Alákétu Sà ni wọ́n ṣe iṣẹ́ ńlá yìí.

Síbẹ̀, ìlú fọ́. Ní 1886, lẹ́yìn tí ogun Dàhòmì ti sàga tì í, Kétu bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́rú, wọ́n sì ba ìlú jẹ́. Ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Dàhòmì ni àwọn tó kù tó padà wá tún un tẹ̀ dó. A kì í sọ èyí láti dá ìkórìíra sílẹ̀, nítorí ọmọ Fọ̀n àti ọmọ Kétu jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà lónìí.

Lẹ́yìn èyí ló kan ewé àti igi. Pèrègún ni a fi ń pààlà ilẹ̀. Ewé akòko ni a fi ń joyè. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló mọ "baobab" nínú ìwé, tí kò mọ̀ pé osè ni ìyá àgbà rẹ̀ ń pè é. A kò bá wọn wí. Àwa tí a fi Faransé kàwé dé yunifásítì náà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wa. Ẹnu àwọn àgbà la ti padà lọ kọ́ ọ.

Odi amọ̀ kì í bá òjò jà títí. Bí òjò ti ń wó o, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó mọ ìtàn rẹ̀ ń dínkù. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, bí ẹ bá ń kó ọmọ lọ síbẹ̀, ẹ bẹ àgbà kan kó bá yín lọ. Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀, kí ẹ gbà á sílẹ̀, kí àwọn ọmọ sì máa bi í léèrè.