Alátòrì Orí Yìnyín

Bí eégún bá jáde ní Lálúpọn tàbí Ìyànà Ọ̀fà, ẹni tó ń jó nìkan kọ́ ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn géńdé alátòrì ń bẹ níwájú. Ẹni tó bá fẹ́ sún mọ́ eégún ju bó ti yẹ lọ, ọwọ́ wọn ni yóò kọ́kọ́ bọ́ sí. Iwájú orí wọn kọ́ ni wọ́n ń lẹ owó mọ́, ṣùgbọ́n ara wọn ló ń jẹ pàṣán. Irú iṣẹ́ yìí ni Rumun Ndur fi jẹun, lórí yìnyín tí ará Lálúpọn kì í rí àfi lọ́dọ̀ ẹlẹ́ja, tàbí nígbà tí òjò bá rọ̀ ọ́ sórí páànù.

Zaria ni wọ́n ti bí i ní 1975, Hamilton ní Kánádà ló ti dàgbà. Họ́kì ni eré wọn níbẹ̀: èèyàn mẹ́fà kojú mẹ́fà, pẹ̀lú bàtà tí irin mímú wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n ń fi igi gbá rọ́bà pẹlẹbẹ kan sínú àwọ̀n. Rọ́bà náà ò wúwo ju 170 gíráàmù lọ, ṣùgbọ́n wọ́n á ti mú kó dì kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kó má baà máa ta. Ó ń ká eyín, ẹ má wulẹ̀ bèèrè. Eré náà gbóná débi pé kí ìṣẹ́jú kan tó pé, eléré ti jáde kí ẹlòmíràn wọlé.

Òfin gbà kí èèyàn fi èjìká gbá ẹni tó ń darí rọ́bà ṣubú. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nígbà náà fi máa ń ní abarapá kan: ẹ fọwọ́ kan ìràwọ̀ wa, ẹ̀ẹ́ bá a pàdé. Bí wọ́n bá wọ̀yá ìjà, rẹfirí á lé àwọn méjèèjì lọ jókòó fún ìṣẹ́jú 5, eré á sì máa lọ.

Buffalo Sabres yan Ndur ní 1994. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n bí ní Nàìjíríà tó gbá họ́kì nínú NHL, líìgì tó ga jù lọ. Ó tún lọ sí New York Rangers àti Atlanta Thrashers. Eré 69, góòlù 2, ìṣẹ́jú tó sì fi jókòó ìyà lé ní 100. Ẹni tó bá ní kò ṣe nǹkan kan, èmi ò bá a gbà á: ẹgbẹ́ mẹ́ta ò ní máa sanwó fún ọ̀lẹ. Ó gbá fún Coventry àti Nottingham náà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹni kejì tí wọ́n bí ní Nàìjíríà tó dé NHL ni Akim Aliu; Okene ni wọ́n ti bí i ní 1989. Ó gbá góòlù méjì nínú eré rẹ̀ kejì fún Calgary Flames ní 2012, síbẹ̀ eré méje péré ló gbá nínú NHL. Ní 2019 ló tú u síta pé Bill Peters, kóòṣì rẹ̀ àtijọ́, ti fi àwọ̀ dúdú rẹ̀ bú u nínú yàrá ìmúra ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ṣáájú. Kò sí rẹfirí ní yàrá ìmúra. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, Peters, tó ti di kóòṣì Calgary Flames, kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀.