Inú Yó, Síbẹ̀ Ara Ń Rẹni: Ọ̀rọ̀ Lórí Oúnjẹ àti Àárẹ̀ Tí Kì Í Tán

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin tí ẹ ń ra irè oko, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi ara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ agbára apá yín ni. Bí àdá bá kú, a ó pọ́n ọn. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń rẹ ènìyàn láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, tí oorun òru kò sì mú àárẹ̀ náà kúrò, kí ni a máa ń ṣe? Àwọn kan a ní ọ̀lẹ ni. Àwọn mìíràn a ní ọwọ́ ayé ni, tàbí pé ọjọ́ orí ti dé. Ẹlòmíràn a sì lọ ra oògùn agbára inú ìgò. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, inú ìkòkò ọbẹ̀ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ kí a fi Libreville, olú ìlú Gabon, ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá láti Nàìjíríà àti láti Benin ni ó ti fi ibẹ̀ ṣe ibùjókòó òwò. Igbó ni ó bo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ Gabon, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta epo rọ̀bì sí òkèèrè ní 1957 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fi oko sílẹ̀ wá sí ìlú. Lónìí, nínú ènìyàn mẹ́wàá tí ń gbé Gabon, ó ju mẹ́jọ lọ tí ń gbé ìlú. Oúnjẹ wọn a máa ti ọ̀nà jíjìn wá. Ọkọ̀ ẹrù ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà wá láti Oyem àti Bitam ní ìhà àríwá, àti láti Kamẹrúùnù. Ọkọ̀ ojú omi ń kó ìrẹsì àti adìẹ oníyìnyín wá sí èbúté Owendo. Ní ọjà Mont-Bouët, ẹ ó rí gbágùúdá tí a gún, tí a fi ewé dì gbọọrọ, tí a sì sè. Owó rẹ̀ kò ga, ó ń pẹ́ kí ó tó bàjẹ́, ó sì ń yó ni. Bí òṣìṣẹ́ bá jẹ ẹ́ pẹ̀lú ọbẹ̀ díẹ̀, ebi kò ní pa á mọ́.

Ṣùgbọ́n yíyó inú kò fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ti rí ohun tí ó ń fẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra kòkó mọ irú ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Àpò lè wúwo lórí ìwọ̀n, síbẹ̀ ìgbà tí olùyẹ̀wò bá ka 300 hóró tí ó sì là wọ́n sí méjì ni a tó mọ̀ bóyá inú wọn ti bu, tàbí kòkòrò ti jẹ wọ́n, tàbí a kò bò wọ́n pẹ́ tó. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni oúnjẹ rí. Gbágùúdá, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìrẹsì funfun dà bí igi ìdáná: wọ́n ń fún ara ní iná. Ṣùgbọ́n iná kò lè jó bí kò bá sí afẹ́fẹ́, ẹ̀jẹ̀ ni ó sì ń gbé afẹ́fẹ́ tí a mí símú lọ sí gbogbo ẹ̀yà ara.

Ohun tí ó sọ ẹ̀jẹ̀ di pupa ni ó ń ru afẹ́fẹ́ náà, ara kò sì lè ṣe é láìsí èròjà irin. Bí irin bá dínkù, ẹrù afẹ́fẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ń rù yóò dínkù, àárẹ̀ yóò sì wọlé. Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á sí àìtó ẹ̀jẹ̀ bí ohun pupa náà kò bá tó gíráàmù 13 nínú désílítà ẹ̀jẹ̀ kan fún ọkùnrin, 12 fún obìnrin tí kò lóyún, àti 11 fún aboyún ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ àti oṣù mẹ́ta ìkẹyìn oyún. Àwọn àmì rẹ̀ nìyí: ènìyàn a máa mí hẹlẹ bí ó bá gun òkè díẹ̀, àyà rẹ̀ a máa lù kìkì, òòyì a máa kọ́ ọ, inú ìpéǹpéjú rẹ̀ ìsàlẹ̀ a sì funfun. Òmíràn a máa wá amọ̀ tàbí ẹfun jẹ. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ má ṣe jẹ ẹ́, nítorí pé amọ̀ lè dí irin lọ́wọ́ láti wọ inú ẹ̀jẹ̀.

Ibo ni irin ara ń lọ? Obìnrin ń pàdánù rẹ̀ nínú nǹkan oṣù àti nígbà ìbímọ. Ibà ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ pupa. Aràn ìkọ́, tí ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé láti inú ilẹ̀ tútù, ń mu ẹ̀jẹ̀ nínú ìfun lójoojúmọ́. Ní Lambaréné, létí odò Ogooué, níbi tí Albert Schweitzer ti dá ilé ìwòsàn sílẹ̀ ní 1913, àwọn onímọ̀ ìṣègùn ṣì ń ṣe ìwádìí lórí ibà àti aràn títí di òní. Nítorí náà, àgbẹ̀ tí ń fi ẹsẹ̀ lásán rin oko kòkó lè máa jẹun dáadáa kí aràn sì máa jẹ èrè rẹ̀. Ẹ wọ bàtà lọ sí oko, ẹ gbẹ́ ṣáláńgá, ẹ máa sùn lábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn, kí ẹ sì lo oògùn aràn bí onímọ̀ ìlera bá ti là á sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìkòkò ọbẹ̀. Ẹ̀dọ̀, ẹran àti ẹja ní irin tí ara ń tètè gbà. Ẹ̀wà, ẹ̀pà, ègúsí àti ẹ̀fọ́ ewé náà ní irin, ṣùgbọ́n ara kì í gbà á tó bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá dá wà. Ohun mẹ́ta ni ó ń ràn án lọ́wọ́. Èkíní, ẹ fi ọsàn, gúáfà, ìbẹ́pẹ tàbí ọ̀pẹ̀ òyìnbó tẹ̀lé oúnjẹ náà. Èkejì, ẹ fi ẹja díẹ̀ tàbí ẹran díẹ̀ sínú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́. Ẹ̀kẹta, ẹ rẹ ẹ̀wà sínú omi mọ́jú, kí ẹ sì da omi náà nù kí ẹ tó sè é. Epo pupa tí a kò fi iná jó pa tún ní èròjà tí ń ran ara lọ́wọ́ láti lo irin tí ó wà ní ìpamọ́. Ọlọ́jà Libreville kan tí ó bá se ewé gbágùúdá pẹ̀lú epo pupa àti ẹja, tí ó sì jẹ ọsàn kan lẹ́yìn rẹ̀, ti ṣe fún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ju ẹni tí ó jẹ ìlọ́po méjì gbágùúdá lásán lọ.

Tíì àti kọfí tí a mu pọ̀ mọ́ oúnjẹ ń dí irin lọ́wọ́. Àní ẹ̀yin tí ẹ ń gbin kọfí, ẹ jẹ́ kí ó tó wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ kí ẹ tó mu ún.

Irin nìkan kọ́ ni ara ń fẹ́. Ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Christiaan Eijkman ṣàkíyèsí ní erékùṣù Java pé àwọn adìẹ tí ń jẹ ìrẹsì tí a ti bó èèpo rẹ̀ funfun ń di aláìlágbára lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ara wọn yá nígbà tí wọ́n jẹ èyí tí èèpo inú ṣì wà lára rẹ̀. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1929 nítorí iṣẹ́ yìí. Ẹ̀wà àti ẹ̀pà ní èròjà tí ìrẹsì funfun ti sọnù náà, nítorí náà ìrẹsì àti ẹ̀wà tí àwọn ìyá wa máa ń sè pọ̀ kì í ṣe oúnjẹ tálákà rárá.

Ẹ fi ìkìlọ̀ mẹ́ta sọ́kàn. Ẹ má ṣe kó oògùn irin jẹ fúnra yín láìṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, pàápàá ẹni tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀lá-dìde. Ẹ tọ́jú rẹ̀ kúrò níbi tí ọmọdé lè dé, nítorí pé ó lè pa ọmọdé bí ó bá gbé púpọ̀ mì; ṣùgbọ́n aboyún kò gbọdọ̀ fi èyí tí wọ́n bá fún un ní ilé ìwòsàn sílẹ̀. Ẹ̀kẹta, bí àárẹ̀ bá ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ, tàbí bí ó bá mú ikọ́, ìrù, òùngbẹ àpọ̀jù tàbí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ dání, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Ikọ́ ife, ìtọ̀ ṣúgà àti àrùn ọkàn náà máa ń fa àárẹ̀, oúnjẹ nìkan kò sì lè wò wọ́n.

Ní ìparí, ọ̀pọ̀ ilé ni ó ń kó ẹyin, ẹ̀wà, ẹ̀pà àti ẹja lọ sí ọjà, tí wọ́n sì ń fi gbágùúdá nìkan sílẹ̀ fún ìyàwó àti ọmọ. Owó dára, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ yọ ti ilé sọ́tọ̀ kí ẹ tó gbé ẹrù sórí ìwọ̀n. Ẹ̀yin olùrà irè oko, ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí sókè fún àwọn tí kò mọ̀wé ka ní ibùdó yín ní ọjọ́ ìwọ̀n. Kòkó tí ó pọ́n kì í dúró de ẹni tí ó rẹ̀. Ara tí ó le ni a fi ń kó o bọ̀ wálé ní àsìkò.