Ẹ̀gúsí Tó Gbó, Tó sì Gbẹ

Obìnrin tó mọ ẹ̀gúsí kì í fi ojú nìkan rà á. Bó bá dé ìdí àpò, yóò ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ títí dé ìgbọ̀nwọ́, nítorí ohun tó wà lókè àpò lè má jọ ohun tó wà nísàlẹ̀. Yóò bu ẹ̀kúnwọ́ kan jáde, yóò mì ín kó lè gbọ́ bó ṣe ń dún, yóò fi èékánná la hóró kan, yóò wo inú rẹ̀, yóò sì jẹ ẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò tó béèrè iye tí wọ́n ń ta kóńgò kan. Láti kékeré ni mo ti ń wo àwọn ìyá wa bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ohun tó yé mi ni pé kì í ṣe hóró nìkan ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Ọwọ́ tó ṣe é ni wọ́n ń yẹ̀ wò: ṣé ó ní sùúrù títí bàrà fi gbó, ṣé ó fọ̀ ọ́ mọ́, ṣé ó sá a títí tó fi gbẹ?

Ẹ̀gúsí ni hóró, bàrà ni èso tó bí i. Bàrà jọ bàrà olómi tí àwọn ará òkè Ọya ń kó wá fún wa, bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n rí. Ó rí roboto, awọ rẹ̀ tutù, àwọn àmì funfun sì wà lára rẹ̀ káàkiri. Àmọ́ ẹni tí òùngbẹ bá mú kó là á yóò kábàámọ̀, nítorí inú rẹ̀ funfun, ó le, ó sì korò. Torí hóró rẹ̀ nìkan la ṣe ń gbìn ín. Àwọn onímọ̀ ohun ọ̀gbìn ń pè é ní Citrullus mucosospermus, ọ̀rọ̀ kejì yẹn sì túmọ̀ sí èyí tí hóró rẹ̀ ń yọ̀. Orúkọ náà bá a mu, nítorí gbogbo hóró inú bàrà ló wọ ẹ̀wù kan tó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Ẹ̀wù yìí ló fa gbogbo wàhálà tó wà nídìí ẹ̀gúsí, òun náà ló sì ń ya ẹ̀gúsí tó dára sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò dára.

Ẹ̀gúsí kì í ṣe oríṣi kan. Ọ̀kan wà tí hóró rẹ̀ tóbi, tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tí etí rẹ̀ nípọn tó sì dúdú, bí ẹni pé wọ́n fi tìróò yí i ká. Etí yẹn le, ó máa ń fún ẹni tó ń bó o níṣẹ́. Òmíràn wà tí ara rẹ̀ ń dán, tí etí rẹ̀ fẹ́lẹ́, tó sì pọ́n díẹ̀ ju funfun lọ. Ẹ̀kẹta ni ìtóò, ìyẹn kò sì bá àwọn méjì yìí ṣe ọmọ ìyá kan náà. Cucumeropsis mannii ni wọ́n ń pè é nínú ìwé. Bàrà a máa rá nílẹ̀, ṣùgbọ́n ìtóò a máa gun igi. Lẹ́yìn bàrà ni ìtóò ń gbó, hóró rẹ̀ funfun láti orí dé ìdí, kò ní etí dúdú rárá. Ọ̀pọ̀ olóbẹ̀ ni kò lè fi nǹkan mìíràn rọ́pò rẹ̀.

Àwọn hóró kan tún wà tí wọ́n fẹ́ jọ ẹ̀gúsí. Hóró igbá gùn, orí rẹ̀ ní igun, ilà sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Hóró elégédé fẹ̀, ó sì tóbi ju ti bàrà lọ. Hóró bàrà olómi sábà máa ń dúdú tàbí kó lámì, èèpo rẹ̀ sì le. Ẹni tó bá fi gbogbo wọn sórí àtẹ́lẹwọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò tún ní ṣì wọ́n mú mọ́.

Inú oko ni dídára ẹ̀gúsí ti ń bẹ̀rẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ ni àgbẹ̀ fi ń gbìn ín, láàárín iṣu, àgbàdo tàbí ẹ̀gẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìtàkùn rẹ̀ á ti tẹ́ sórí ilẹ̀ bí ẹní, koríko kò sì ní ráyè hù. Àwọn bàbá wa ti mọ èyí tipẹ́, kí àwọn onímọ̀ ní IITA ní Ìbàdàn tó ṣe ìwádìí lórí bí ẹ̀gúsí ṣe ń pa èpò. Òdòdó rẹ̀ kékeré ni, ó sì pọ́n bí ìyeyè. Bí kòkòrò oyin kò bá bẹ̀ ẹ́ wò, kò ní so. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, ìtàkùn á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ewé á rọ, bàrà á sì wà nílẹ̀ gbalaja. Ìgbà yẹn gan-an ló tó gbó. Àgbẹ̀ tí owó ń jẹ níyà tó wá kó bàrà kí ìtàkùn tó gbẹ yóò rí hóró, àmọ́ hóró tí ọmọ inú rẹ̀ kò tíì kún ni. Bí òòrùn bá kàn án, á sún kì, á wá rí pẹlẹbẹ bí ewé gbígbẹ.

Pípa bàrà ló kàn. Wọ́n á kó o jọ gègèrè, wọ́n á fi kùmọ̀ tàbí àdá pa á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wá fi í sílẹ̀ kó jẹrà. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ kọjá lọ́jọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún á di imú. Òórùn yẹn kì í ṣe ìbàjẹ́ lásán, iṣẹ́ ló ń ṣe: jíjẹrà náà ló ń tú ẹ̀wù tó ń yọ̀ yẹn kúrò lára hóró. Bí wọ́n bá yára fọ̀ ọ́, ẹ̀wù á ṣẹ́ kù, hóró á lẹ̀ mọ́ ara wọn, á sì ṣòro láti gbẹ. Bí wọ́n bá pẹ́ jù, omi á wọnú èèpo, àwọ̀ á dúdú, àwọn kan á tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hù nínú òkìtì. Ẹni tó mọ ọjọ́ tó yẹ kó fọ bàrà ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà.

Nínú omi ìfọ̀ ni hóró ti kọ́kọ́ ń jẹ́rìí ara rẹ̀. Èyí tó kún á rì. Èyí tó ṣófo á léfòó, wọ́n á sì gbọ́n ọn dànù pẹ̀lú ìdọ̀tí. Lẹ́yìn èyí ni sísá. Oṣù keje àti ìkẹjọ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀gúsí ń jáde, òjò kò sì tíì dáwọ́ dúró nígbà yẹn, torí náà eré la máa ń sá nídìí rẹ̀. Kó o wọlé, kó o jáde, yí i padà, dà á rú. Àwọn mìíràn ń sá a sí etí títì ọlọ́dà, níbi tí ilẹ̀ ti gbóná. Ó máa ń yá gbẹ níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ yanrìn ojú ọ̀nà á tẹ̀ lé e wọnú àpò, èéfín ọkọ̀ á sì bà á. Orí ẹní tàbí tápólì nínú àgbàlá ló dára jù.

Kí wá ni a ó wò lọ́jà? Ìró ni àkọ́kọ́. Ẹ̀gúsí tó gbẹ a máa dún ṣakaṣaka bí a bá mì ín, èyí tó tutù kì í fọhùn. Ìwọ̀n ni ìkejì, nítorí ẹ̀kúnwọ́ tó fúyẹ́ jù ń sọ pé òfìfo pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni àwọ̀. Kó jọ ara wọn, kó mọ́, kó má ní àbàwọ́n dúdú tàbí ohun funfun bí ìyẹ̀fun lára. Lẹ́yìn náà, ẹ là á. Ọmọ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ kún èèpo dé etí, kó funfun, kó sì ṣẹ́ pọ́ọ́kú bí a bá fi eyín kàn án. Bó bá ń tẹ̀ bí awọ, kò tíì gbẹ. Bó bá ti pọ́n, tó ń rùn bí epo àtijọ́, ó ti lo ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú àpò. Nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n ọmọ inú ẹ̀gúsí ló jẹ́ epo, nǹkan bí 30 nínú 100 sì jẹ́ èròjà amáradàgbà. Epo púpọ̀ yẹn ló mú kó dùn nínú ẹ̀fọ́, òun la ń fún jáde ká tó fi ìyókù dín róbó, òun náà ló sì ń tètè bàjẹ́ bí ìpamọ́ kò bá dára.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi ti ebu ṣeré. Ebu kan tó ń jẹ́ Aspergillus flavus fẹ́ràn hóró tó lépo tí kò sì gbẹ dáadáa, ó sì máa ń tú májèlé kan sínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní aflatoxin. Ẹ̀dọ̀ ni májèlé yìí ń bá jà, iná ọbẹ̀ kò sì lágbára tó láti pa á run. Ẹ̀gúsí tó ti bu kì í ṣe ohun tí à ń ṣà lọ́kọ̀ọ̀kan ká tó jẹ ìyókù.

Ẹ̀gúsí tí wọ́n ti bó náà ní ẹ̀rí tirẹ̀. Àwọn kan ń wọ́n omi sí èèpo kó lè rọrùn láti bó, omi yẹn sì ń wọ inú. Bí wọn kò bá tún un sá, á pọ́n, á sì bu láàárín ọjọ́ díẹ̀. Èyí tí wọ́n ti lọ̀ ló ṣòro jù láti mọ̀. Àwọn èèyàn wa tó ń ra tiwọn nínú ọ̀rá ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù kò rí etí, wọn kò gbọ́ ìró, wọn kò sì lè la hóró kan. Imú àti ahọ́n nìkan ló kù fún wọn. Ẹni tó bá lè rí odindi hóró rà, kó rà á, kó sì lọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀.

Ìyá àgbà wa kì í mú irúgbìn nínú àpò tí a fẹ́ jẹ. Nígbà tí bàrà ṣì wà lóko, òun á ti fi ọ̀pá sàmì sí ẹ̀gbẹ́ àwọn tó tóbi jù, tí ìtàkùn wọn kò ṣàìsàn. Òun fúnra rẹ̀ á pa wọ́n lọ́tọ̀, á fọ̀ wọ́n lọ́tọ̀, á sì sá wọn lábẹ́ òòrùn tí kò mú jù. Kì í bó wọn, nítorí èèpo ni ilé tí ọmọ inú ń sùn sí títí òjò yóò fi dé. Ó máa ń dì wọ́n sínú aṣọ àtijọ́, á sì gbé wọn sórí àjà ààrò, níbi tí èéfín ò ti ní jẹ́ kí kòkòrò sún mọ́ wọn. Àwa ọmọdé máa ń gbójú sókè wo ìdì náà lọ́jọ́ tí ẹ̀gúsí bá tán nílé. A mọ̀ pé ibẹ̀ ni èyí tó dára jù lọ wà, a sì mọ̀ pé ìdí rẹ̀ nìyẹn tí a kò fi gbọdọ̀ jẹ ẹ́.