Owó Iṣẹ́ àti Títóbi Àpò: Èwo Ni Ká Kọ́kọ́ Wò?

Ní ọdún 1976, nígbà tí John Bogle, olùdásílẹ̀ ilé-iṣẹ́ Vanguard ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣí àpò ìdókòwò kan sílẹ̀ fún tẹrú-tọmọ, àpò tí kò ní ọlọ́gbọ́n kankan tí yóò máa ṣa ilé-iṣẹ́ rà, bí kò ṣe pé kí ó máa ra ìpín nínú gbogbo ilé-iṣẹ́ ńláńlá tí ó wà nínú àkọsílẹ̀ S&P 500, mílíọ̀nù 150 dọ́là ni wọ́n ń retí, mílíọ̀nù 11 lé díẹ̀ péré ni ó wọlé, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ sì fi í ṣe ẹlẹ́yà. Lónìí, irú àpò bẹ́ẹ̀, tí à ń pè ní index fund, ti di àjànàkú tí í mi igbó kìjikìji, ó sì ti pọ̀ lọ́jà tó bẹ́ẹ̀ tí olùfowópamọ́ kò mọ èyí tí yóò mú. Gbogbo alángbá ló d'anú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run.

Ní tèmi, owó iṣẹ́, ìyẹn owó tí àpò ń gbà lọ́dọọdún, ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí pé èrè lè wá, ó sì lè má wá, ṣùgbọ́n kò sí ọdún tí owó iṣẹ́ kì í dé. Lórí 10,000 dọ́là, àpò VOO ti Vanguard àti IVV ti BlackRock ń gba dọ́là mẹ́ta lọ́dún; SPY, ẹ̀gbọ́n wọn tí wọ́n ti ń tà láti ọdún 1993, ń gba ju mẹ́sàn-án lọ, bẹ́ẹ̀ ilé-iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọ́n ń rà. Àwọn àpò mìíràn wà tí ń gba ọgọ́rùn-ún. Ká ní owó náà ń lé ní 7 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún fún ọgbọ̀n ọdún kí a tó yọ owó iṣẹ́, ẹni tí ń san ìdá ti dọ́là mẹ́ta yóò bá nǹkan bíi 75,500 dọ́là nílẹ̀, ẹni tí ń san ìdá ti ọgọ́rùn-ún yóò bá 57,400. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Títóbi àpò pẹ̀lú ní iṣẹ́ tirẹ̀. Nínú àpò kékeré tí èrò kò pọ̀ sí, ẹni tí ń tà lè bèèrè 25.10 dọ́là, kí ẹni tí ń rà má sì san ju 25 lọ; bí o bá ra ọgọ́rùn-ún ìpín, tí o sì tà á lójú ẹsẹ̀, dọ́là mẹ́wàá ti lọ, èyí tí ó ju owó iṣẹ́ ọdún mẹ́tàlá lọ lórí iye owó kan náà ní àpò tí ń gba dọ́là mẹ́ta lórí 10,000. Ṣùgbọ́n bí àpò bá ti kó ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù jọ, àfikún títóbi kò tún ṣe olùfowópamọ́ ní àǹfààní kan. Àwọn tí ń rà láàárọ̀ tí wọ́n ń tà lọ́sàn-án ni SPY, tí èrò pọ̀ sí, yẹ.

Àpò tí kò tóbi tó lè kógbá sílé nígbàkigbà. Owó olówó kò ní sọnù, wọn yóò dá iye tí ó bá kù padà fún un, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ẹni tí ń san owó orí ní Amẹ́ríkà, tí kò sì fi í sínú àkáǹtì ìfẹ̀yìntì, ìjọba ibẹ̀ yóò bèèrè owó orí lórí èrè rẹ̀ ní ọdún náà gan-an, yálà ó ti múra sílẹ̀ tàbí kò tí ì múra.