Mítà kan, ìdílé márùn-ún: Ìdí tí owó iná fi wúwo fún ayálégbé Madina

Láti oṣù September ọdún 2022 ni owó iná mànàmáná ti ń gòkè ní Ghana. Ní ọjọ́ kìíní oṣù náà, PURC, àjọ tó ń fọwọ́ sí iye tí aráàlú ń san lórí iná àti omi, fi ìdá 27.15 nínú ọgọ́rùn-ún lé e. Ní February 2023, wọ́n tún fi ìdá 29.96 lé e; ní June ọdún kan náà, ìdá 18.36. Ẹni tó bá ṣírò àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ yóò rí i pé láàárín oṣù mẹ́wàá péré, iná tí wọ́n ń rà ní cedi kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di cedi méjì. Ìdá 14.75 mìíràn tún dé ní May 2025. Gbogbo ìgbà tí èyí bá ṣẹlẹ̀, ìmọ̀ràn kan náà ni wọ́n máa ń gba aráàlú: ẹ pa iná tí ẹ kò lò, ẹ yọ ṣájà lára ògiri, ẹ má lọ aṣọ lójoojúmọ́. Ìmọ̀ràn náà kò burú, ṣùgbọ́n ní Madina tó wà ní apá àríwá Accra, àti níbikíbi tí ìdílé púpọ̀ ti ń gbé agboolé kan tó ní mítà kan ṣoṣo, kò débi tí ọ̀ràn wà rárá. Ohun tó ń mú kí owó iná wúwo fún ayálégbé ibẹ̀ jù lọ ni pé mítà ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka ìdílé.

Kí a tó dé ìdí mítà, ó yẹ kí a mọ ohun tó ń ti owó náà sókè, nítorí àwọn kan gbà pé olè lásán ni. Nígbà tí Kwame Nkrumah ṣí ìsédò Akosombo ní January 1966, agbára odò Volta ló ń gbé iná Ghana, omi kì í sì í béèrè dọ́là lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀dá ọdún 1983 àti ti 1998 ló fi hàn pé odò náà lè gbẹ mọ́ wọn lọ́wọ́. Lónìí, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta iná Ghana ló ń ti ara omi wá. Gáàsì ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù, dọ́là ni wọ́n sì ń kà fún un. Ìdí nìyí tí PURC fi máa ń wo nǹkan mẹ́rin ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta kó tó kéde iye tuntun: iye tí wọ́n ń ṣẹ́ cedi sí dọ́là, ọ̀wọ́n gógó ọjà, owó gáàsì, àti ìwọ̀n iná tí omi pèsè sí èyí tí gáàsì pèsè. Ní December 2022, ọ̀wọ́n gógó ọjà dé ìdá 54.1, kò sì sí iye owó tó lè dúró lójú kan nínú irú ìjì bẹ́ẹ̀. Ẹ wá fi gbèsè kún un. Lásìkò dumsor, iná tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín 2012 sí 2016, ìjọba kó sínú àdéhùn pẹ̀lú àwọn iléeṣẹ́ amúnáwá pé àwọn yóò máa sanwó yálà àwọn lo iná náà tàbí àwọn kò lò ó. Nígbà tí cedi gbérí ní 2025, ọ̀pọ̀ ènìyàn retí pé owó iná yóò wálẹ̀. Ní July ọdún náà, PURC tún fi ìdá 2.45 lé e, gbèsè àtẹ̀yìnwá sì wà lára ìdí tí wọ́n sọ. Ẹni tó bá ń retí kí owó iná padà sí ti 2021 ń retí ẹni tí kò ní í bọ̀. Ohun tó kù láti jà sí ni ẹni tí ẹrù náà yóò wúwo fún jù.

Ìjọba pàápàá mọ̀ pé ìbéèrè yìí wà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dá ìpele kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní lifeline: ẹni tí iná tó ń lò lóṣù kò bá ju ààlà kan lọ, owó pọ́ọ́kú ni yóò san. Yúníìtì 50 ni ààlà náà tẹ́lẹ̀. Ní September 2022, nígbà tí wọ́n gbé owó sókè, wọ́n tún fa ààlà náà wálẹ̀ sí 30, ariwo ìdá 27 sì bo èyí mọ́lẹ̀. Kí ni yúníìtì 30 lè ṣe? Fáànù oníwáàtì 60 tó ń fẹ́ fún wákàtí mẹ́jọ lálaalẹ́ yóò jẹ yúníìtì 14 àti díẹ̀ lóṣù. Gílóòbù LED méjì, oníwáàtì 9, fún wákàtí márùn-ún lóòjọ́, kò tó 3. Tẹlifíṣọ̀n kékeré oníwáàtì 50 fún wákàtí márùn-ún lóòjọ́ yóò jẹ 7 ààbọ̀. Áyọ́ọ̀nù oníwáàtì 1,000 tí wọ́n ń lò fún ààbọ̀ wákàtí lọ́sẹ̀ yóò gba 2. Ṣájà fóònù kò ju 1 lọ. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 28. Ìdílé tó ń gbé yàrá kan, tí kò ní fìríìjì, tí kì í fi iná se oúnjẹ, rá wọ inú ààlà náà nìyẹn pẹ̀lú yúníìtì méjì lọ́wọ́. Irú wọn gan-an ni wọ́n dá lifeline sílẹ̀ fún.

Irú ìdílé bẹ́ẹ̀ ló kún Madina. Ní ọdún 1959 ni Alhaji Seidu Kardo àti àwọn ènìyàn rẹ̀ tẹ ibẹ̀ dó lórí ilẹ̀ àwọn ará La, àwọn àlejò láti àríwá Ghana àti láti ibòmíràn sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wá. Agboolé ni ilé irú ìlú bẹ́ẹ̀: yàrá tó tò yí àgbàlá ká, ẹnu ọ̀nà kan, ẹ̀rọ omi kan, mítà kan. Ètò ìkànìyàn ọdún 2021 fi hàn pé ó lé ní ìdajì àwọn ìdílé Ghana tó ń gbé inú ilé bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wá mú agboolé kan tí ìdílé márùn-ún wà níbẹ̀, tí ìkọ̀ọ̀kan wọn ń lo yúníìtì 28 tí a kà lókè. Mítà kò mọ ìdílé; 140 ló rí. Nínú ìwé owó September 2022, yúníìtì kan ní ìpele lifeline jẹ́ nǹkan bí pesewa 42 (pesewa ọgọ́rùn-ún ló wà nínú cedi kan); ní ìpele tó tẹ̀ lé e, ó jẹ́ nǹkan bí pesewa 89. Bí ìdílé kọ̀ọ̀kan bá ní mítà tirẹ̀, owó iná tó lò kò ní í tó cedi 12 lóṣù. Lórí mítà àjọlò, bí a bá tilẹ̀ ṣojúure, tí a ka 30 àkọ́kọ́ sí owó pọ́ọ́kú, yóò lé ní cedi 22 tí yóò kan ìdílé kọ̀ọ̀kan. Bí a kò bá ṣojúure, ó di nǹkan bí 25. Iye owó ti yí padà lọ́pọ̀ ìgbà láti ọjọ́ náà, àlàfo yẹn kò tíì dí. Ẹnìkan wà ní East Legon nítòsí ibẹ̀, ó ń dá gbé ilé oníyàrá mẹ́ta, ó sì ń rìnrìn àjò lọ ṣáá: bí iná tó lò lóṣù kò bá ju 29 lọ, òun ni òfin kà sí tálákà.

Àyẹ̀wò ńlá kan ti wáyé lórí èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó pè é bẹ́ẹ̀. Lásìkò àrùn Kòrónà, láti April sí June 2020, ìjọba Ghana san gbogbo owó iná àwọn tó wà ní ìpele lifeline, tí ààlà rẹ̀ ṣì jẹ́ 50 nígbà náà, ó sì san ìdajì fún àwọn onílé yòókù. Ìwà àánú ni, a kò sì gbọ́dọ̀ tàbùkù rẹ̀. Ṣùgbọ́n mítà ni wọ́n wò. Agboolé tó ń lo 140 wọ ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n dá ìdajì padà fún, pẹ̀lú àwọn tó ń fi ẹ̀rọ amúlétutù sùn. Ẹni tí ọ̀fẹ́ tọ́ sí gba ìdajì nítorí pé ó ń bá ẹlòmíràn pín àgbàlá.

Ìmọ̀ràn pé kí ayálégbé máa pa iná wá ń kọ́? Níbi tí wọ́n bá ti ń pín owó iná dọ́gba, ẹni tó pa fáànù rẹ̀ fún oṣù kan, tó ń làágùn títí ilẹ̀ fi ń mọ́, ìdá kan nínú márùn-ún èrè rẹ̀ ló máa dé ọwọ́ rẹ̀. Àwọn mẹ́rin yòókù á pín ìyókù jẹ. Bákan náà ni ẹni tó gbé sítóòfù oníná wọlé ní ìkọ̀kọ̀, ìdá kan nínú márùn-ún ìnáwó náà ni yóò san. Kò sí ìwàásù tó lè borí ìṣirò yìí. Nítorí rẹ̀ ni àwọn ilé kan fi ń ka ohun èlò, tí gílóòbù ní iye tirẹ̀, tí fáànù ní tirẹ̀, tí fìríìjì ní tirẹ̀. Àwọn mìíràn ra mítà kékeré sí yàrá kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn dín ìjà kù, àmọ́ mítà ńlá ni ECG, iléeṣẹ́ tó ń pín iná, mọ̀, nítorí náà owó tó ti wọ́n tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń pín láàárín ara wọn, bó ti wù kí ìpín náà dọ́gba tó. Mítà alásansílẹ̀ tún wá dá ọ̀ràn tirẹ̀ sílẹ̀: bí iná bá tán láàárín òru, ta ló kàn láti ra òmíràn?

Ọ̀nà kan wà tí ìlò iná fi ṣe pàtàkì lóòótọ́, fìríìjì ni. Ghana ṣòfin ní 2008 pé kí wọ́n má kó fìríìjì àlòkù wọ̀lú mọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú òfin náà ṣẹ ní January 2013, nítorí Energy Commission, àjọ ìjọba lórí ọ̀rọ̀ agbára iná, ti rí i pé irú àlòkù bẹ́ẹ̀ ń jẹ nǹkan bí yúníìtì 1,200 lọ́dún. Ìyẹn jẹ́ 100 lóṣù, ju ààlà lifeline mẹ́ta pọ̀ lọ, fún àpótí kan tó ń tutù díẹ̀díẹ̀. Àwọn àlòkù yìí ṣì kún inú ilé. Fìríìjì tuntun máa ń ní àmì ìràwọ̀ dúdú lára. Bí ìràwọ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni iná tó ń jẹ ṣe ń kéré tó. Bí ìdílé méjì tàbí mẹ́ta nínú agboolé bá dáwó jọ ra ọ̀kan tó ní ìràwọ̀ púpọ̀, tí wọ́n sì lé àlòkù wọn jáde, èrè rẹ̀ yóò ju ti ẹgbẹ̀rún ìkìlọ̀ nípa ṣájà lọ. Ìjọba náà mọ ọ̀nà yìí. Ní 2007, wọ́n pín gílóòbù tí kì í jẹ iná púpọ̀ tó mílíọ̀nù mẹ́fà fún aráàlú lọ́fẹ̀ẹ́, ìwọ̀n iná tí wọ́n ń béèrè lálẹ́ sì dínkù pẹ̀lú ohun tó lé ní mẹ́gáwáàtì 100.

Àtakò tó lágbára jù sí mítà fún ìdílé kọ̀ọ̀kan ni pé ECG yóò pàdánù owó, nítorí ọ̀pọ̀ tó ń san owó ìpele kejì yóò bọ́ sí ti lifeline. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin iná tí ECG ń rà tó ń ṣòfò lójú wáyà tàbí lọ́wọ́ àwọn tó ń jí i. Inú ihò yẹn ni owó ńlá wà, kì í ṣe nínú yàrá kan tó ní fáànù kan. Ẹni tó bá sì ní mítà tirẹ̀ rọrùn láti mọ̀, ó rọrùn láti gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn mìíràn ní kí wọ́n pa lifeline rẹ́, kí gbogbo ènìyàn san iye tí iná ń náni. Nàìjíríà gbìyànjú ohun tó jọ èyí ní April 2024, nígbà tí NERC, àjọ tó ń ṣàkóso iná níbẹ̀, sọ yúníìtì Band A, ìpele àwọn tó ń rí iná jù lọ, di ₦225: wákàtí tí iná fi ń wà ládùúgbò ni wọ́n wò, tí ayálégbé inú yàrá kan àti onílé alájà mẹ́ta fi ń san iye kan náà lórí wáyà kan náà. Ti Ghana sàn jù ú lọ. Èrò rẹ̀ dára, ìkànìyàn rẹ̀ ni kò dára.

Àwọn onílé náà ní tiwọn: wáyà títún fà ń náni lówó, mítà kọ̀ọ̀kan sì ní owó oṣooṣù tirẹ̀. Lórí wáyà, wọ́n jàre. Lórí owó oṣooṣù, wọn kò jàre: ti lifeline lé díẹ̀ ní cedi 2 nínú ìwé owó September 2022, ti àwọn ìdílé yòókù lé ní 10, nítorí náà márùn-ún ti àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ọ̀kan ti ìkejì. Níbi tí wáyà kò bá ti ṣeé tún fà, PURC lè sọ ààlà mítà àjọlò di 30 lọ́nà iye ìdílé tó wà lórí rẹ̀. Wọ́n á ní àwọn ènìyàn yóò purọ́ nípa iye ìdílé. Káàdì Ghana wà lọ́wọ́ àwọn àgbà; kí olórí ìdílé kọ̀ọ̀kan fi nọ́ńbà tirẹ̀ sílẹ̀, ẹnì kan kò sì ní í lè wà lórí mítà méjì.

Ti oòrùn ńkọ́? Pánẹ́ẹ̀lì dára fún ẹni tó ni òrùlé. Ayálégbé kò ni òrùlé. Ti gáàsì ìdáná ńkọ́? Kò ní lifeline kankan, kílò ni wọ́n ń tà, àwọn tó ń gbé nítòsí Atomic Junction, tí kò jìnnà sí Madina, kò sì tíì gbàgbé ìbúgbàù gáàsì October 2017 tó pa ènìyàn méje.

Nítorí náà, ẹ̀yin ayálégbé Madina, kí ẹ tó tún bá ara yín jà lórí fìríìjì ta ni, ẹ kọ orúkọ gbogbo olórí ìdílé inú ilé sínú ìwé kan, kí onílé fọwọ́ sí i, kí ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì ECG tó sún mọ́ yín láti béèrè mítà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí wọn kò bá dáhùn, PURC ló kàn. Wọn kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá mú ẹjọ́ wá síbẹ̀.